Àmì Ẹsẹ̀ Àga Nísàlẹ̀ Omi

Ẹni tó bá pe ọkùnrin yẹn ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, a ti mọ̀ pé àlejò lonítọ̀hún. Dókítà la ń pè é nílé wa. Bàbá àwọn ọmọ mi ló fún un lórúkọ náà nítorí bó ṣe ń ṣe sí omi. Á kúnlẹ̀ sétí púùlù, á bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan, á kán oògùn sí i, á mì ín, á gbé e sókè síbi tí oòrùn wà, á wá dijú mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ sọ fún mọ̀lẹ́bí aláìsàn pé kí wọ́n mọ́kàn le. Bàbá á bi í látinú omi lọ́hùn-ún pé, "Dókítà, ṣé omi mi máa yè é?" Òun náà á ní, "Ó máa yè é, Bàbá, àmọ́ ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ẹ má tìtorí púùlù rò pé olówó ni wá. Bàbá wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ọjọ́ ogbó, èmi náà sì fọṣọ fún ilé ìwòsàn títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sinmi. Ilé ìwé tí mo lọ kò pọ̀, àmọ́ tó bá di ti àbàwọ́n, ẹ bi mí. Ẹ̀jẹ̀, oògùn ojú egbò, epo ẹ̀rọ, tàdáwà, kò sí èyí tí ọwọ́ mi kò bọ́ rí. Ọmọ wa àgbà ló gbẹ́ púùlù sẹ́yìnkùlé wa nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú apá òsì bàbá rẹ̀, tí àwọn oníṣègùn sì ní inú omi ni ẹsẹ̀ náà ti máa rántí iṣẹ́ rẹ̀. Kò fẹ̀ ju pálọ̀ wa lọ. Bàbá á ti ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn débẹ̀ láràárọ̀, wọ́n á ní àwọn ń lọ sí òkun.

Ọmọ wa yẹn náà ló mú Dókítà wá láti òtẹ́ẹ̀lì kan tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Dókítà dàgbà sí, ilé tó jẹ́ pé tí àwo bá fọ́, ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó wo ilẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ ẹ̀bẹ̀, torí mi ò rí ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ tó o rí. Tí ewé bá já bọ́ sínú omi, á ní ká má bínú. Tí òjò bá rọ̀, tí omi púùlù sì dà rú, á bẹ̀ wá nítorí òjò. Mo ti gbọ́ ọ tó ń bẹ táìlì tó fi ọ̀pá búrọ́ọ̀ṣì gbá. Ẹrù àlejò ló ń gbé ní òtẹ́ẹ̀lì náà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó ń tọ́jú púùlù ibẹ̀ bínú lọ, ọ̀gá wọn nawọ́ sí i pé, ìwọ, bọ́ síbẹ̀. Ó bọ́ síbẹ̀. Ó da oògùn omi tó pọ̀ jù sí i, ṣòkòtò àlejò kan wọ omi ní pupa, ó jáde ní àwọ̀ ẹyẹlé. Ó ní òun bẹ àlejò, òun bẹ ọ̀gá, òun sì bẹ ṣòkòtò náà. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti fojú díwọ̀n oògùn mọ́, ló bá di oníìgò.

Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín jù ni pé kò mọ odò wẹ̀. Omi tó bá ti kọjá àyà rẹ̀, ó ti di ọ̀ràn. Bàbá á ní irú dókítà wo ló ń bẹ̀rù aláìsàn. Á ní àìsàn omi ń ràn ni, Bàbá.

Àìsàn omi wa náà kì í ṣe kékeré. Kànga ẹ̀rọ la ti ń fà á, ilẹ̀ wa sì lẹ́fun. Ẹ wo inú kẹ́túlù yín, funfun tó gan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yẹn, òun náà ló ń gan mọ́ ara púùlù. Oòrùn á fa omi lọ, á fi ẹfun sílẹ̀, títí táìlì aláwọ̀ búlúù á fi wọ kọ́là funfun yí ká bí ọmọ ilé ìwé. Dókítà kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ọ̀bẹ tàbí kànìnkànìn onírin ha á láé, pé irin á ha táìlì, èérún rẹ̀ á sì bọ́ sínú omi, á dípẹtà. Fínígà ni òun ń fọ́n sí i, á fi í sílẹ̀ kó máa hó díẹ̀díẹ̀, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Ibi tó bá lágídí, òkúta fúyẹ́fúyẹ́ tí àwa obìnrin fi ń ha gìgísẹ̀ ló ń rẹ sómi, á fi ha á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní kéèyàn tètè máa fọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì rọ̀. Tó bá pẹ́, ásíìdì ló kù, ìyẹn á sì ti jẹ èèyàn lọ́wọ́ kó tó jẹ ẹfun.

Ìyẹn ti ẹfun. Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ìpẹtà ni.

Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ omi, àga oníke la kọ́kọ́ gbé sápá ibi tí kò jìn fún wọn. Àga náà ń léfòó. Bí wọ́n bá ti gbé ìdí díẹ̀, á gba abẹ́ wọn sá lọ. Dókítà wá gbé àga irin kan wá láti òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó wúwo, kò sì mira. Inú wa dùn. Àmọ́ nígbà tó yá, ọ̀dà abẹ́ ẹsẹ̀ àga náà bó, irin rẹ̀ dípẹtà, àmì mẹ́rin sì jáde lórí sìmẹ́ńtì funfun ìsàlẹ̀ púùlù, pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n tó ìdérí ìgò. Ọ̀kan nínú wọn, ti ọ̀tún lẹ́yìn, tóbi ju mẹ́ta yòókù lọ, torí apá tó dá ni Bàbá máa ń fara tì.

Ojú ti Dókítà débi pé kì í wo ìsàlẹ̀ púùlù tí mo bá wà níbẹ̀. Ó ní òun oníṣẹ́ omi lòun fi ọwọ́ ara òun gbé irin sínú omi láìfi rọ́bà sí i lẹ́sẹ̀. Ó bẹ Bàbá kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé àga náà jáde, kí òun fọ ilẹ̀. Bàbá kò gbà, torí iṣẹ́ náà á gba pé kí wọ́n yẹra fún omi fúngbà díẹ̀.

Mo mọ ìdí tí wọn ò fi gbà. Ọkùnrin tí mo fẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n máa ń wà. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Inú omi ni ẹnu wọn ti là. Mà á jókòó sétí púùlù, mà á ki ẹsẹ̀ bọ omi, mà á máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ lórí àga wọn, nípa ọ̀nà tí wọ́n ti gbà rí, àwọn tí wọ́n gbé, ibi tí ẹ̀rù ti bà wọ́n. Inú omi yẹn ni wọ́n ti sọ fún mi pé tí oorun bá ń kun àwọn lójú ọ̀nà, orúkọ mi làwọn máa ń pè sókè kí ojú àwọn lè là. Ta ló mọ̀? Mo ti bímọ tán, mo ti wo ọmọ ọmọ, kí n tó gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n bọ́ sínú omi wá jókòó ti àwọn. Mo ní àgbà bíi tèmi kò ní wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n ró ìró wọ̀ ọ́. Mo kàn rẹ́rìn-ín, mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ.

Orí ibùsùn wọn ni wọ́n kú sí, kì í ṣe nínú omi. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wa àgbà gbé àga náà jáde, ó jù ú sẹ́yìn géètì pẹ̀lú pàǹtí. Mi ò bá a wí. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé mo máa wá a. Ohun tó kù fún mi ni àmì mẹ́rin yẹn. Tí mo bá ti jí, kí n tó fọ ẹnu, ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ. Tí omi bá dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á hàn ketekete. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, wọ́n á máa mì, bí ìgbà tí ẹni tó jókòó fẹ́ dìde. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Báwo lèmi alágbàfọ̀ ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé ìpẹtà ni mò ń lọ kí?

Dókítà ṣì ń wá, àmọ́ mo ní kó má wọ inú omi, kó kàn máa da oògùn sí i. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí, kò bi mí léèrè. Ni kọ́là funfun ara táìlì bá nípọn.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi obìnrin pè lórí fóònù pé òun, ọkọ òun àtàwọn ọmọ ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, kí n jẹ́ kí Dókítà tún púùlù ṣe. Mo pe Dókítà, mo ní, "Bá mi fọ gbogbo rẹ̀, kó mọ́." Ẹfun ni mò ń wò nígbà tí mò ń sọ ọ́. Àmì mi kò sí lára ohun tí mo kà sí ìdọ̀tí.

Ó bá ẹfun jà títí táìlì fi ń dán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá síbi fèrèsé ilé ìdáná, ó ń húkọ́, ó ní bóyá ó kù nínú fítámì-sí Bàbá, oògùn kíkan tí wọ́n máa ń lá yẹn, kí n fún òun. Mo rò pé ikọ́ rẹ̀ ló fẹ́ fi wò. Mo gbé ìgò náà fún un lódindi, mo tún bu oyin kún un. Ó wo oyin, ó wò mí, ó dúpẹ́. Èèyàn bíi Dókítà kò lè bi àgbà pé kí ni oyin wà fún.

Ọsàn wẹ́wẹ́ la fi ń bọ́ ìpẹtà lára aṣọ níbi iṣẹ́ wa. Irú iṣẹ́ kan náà ni fítámì-sí ń ṣe fún ilẹ̀ púùlù, ó sì yẹ kí n fura, èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀gá àbàwọ́n. Dókítà ti jẹ́ kí kílórínì inú omi rọlẹ̀, torí kílórínì ń pa agbára oògùn náà. Ó lọ̀ ọ́, ó dì í sínú ìbọ̀sẹ̀, ó bọ́ sínú omi, ó sì gbé e lé àmì kọ̀ọ̀kan títí àmì náà fi lọ.

Mo jáde láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Omi mọ́ débi pé àfi bíi pé kò sí níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú. Mo wá àmì àkọ́kọ́, mi ò rí i. Mo ní bóyá ibi tí mo dúró sí ni kò dáa, mo bá yí lọ sí òdìkejì. Dókítà ti dé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi púùlù pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí i kó dúró bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bẹ̀.

Mo bi í pé àmì ẹsẹ̀ àga dà.

"Ó ti lọ pátápátá, Mà. Ẹ ò lè mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí."

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kan ibẹ̀?"

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀, kò tíì mọ ibi tó máa gbà lọ.

Mo ní, "O ti pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì."

Mi ò pariwo. Ì bá sàn kí n pariwo, torí tí ariwo bá wà níbẹ̀, èèyàn lè ní inú ló ń bí ìyá yìí. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó rò ó dáadáa. Ọkùnrin tó ń bẹ òjò, tó ń bẹ táìlì, kò bẹ̀ mí. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ti ògiri, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó lọ.

Kò padà wá. Àpótí ìgò rẹ̀ wà lórí pèpéle níbi tó gbé e sí. Bí inú mi ṣe ń rọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ ń gbóná sí i lára mi. Mà á jókòó ti oúnjẹ, mà á rántí oyin tí mo bù fún un. Ọwọ́ ta ló gbé oògùn fún un? Ẹnu ta ló ní kó fọ gbogbo rẹ̀? Ta ló tọ́jú àmì pa mọ́ bí ẹni tó jí nǹkan, tó wá ń bínú pé ẹni tí kò mọ̀ nù ún dànù? Mo sì mọ irú ilé tó ti dàgbà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, èyí tó jọ ti ilé yẹn gan-an ni mo mú lé e lórí.

Ọmọ mi tún pè, ó ní ṣé Dókítà ti parí. Mo ní ikọ́ ń ṣe é. Ní ti omi, ó ti ń fẹ́ láwọ̀ ewé, kọ́là funfun sì ti ń padà bọ̀ lára táìlì tínrín-tínrín. Nígbà tí ọmọ mi ní kò burú, òun máa wá onípúùlù míì kí àwọn tó dé, àyà mi já. Tí ẹlòmíì bá fi lè gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn nílẹ̀, Dókítà kò ní wá mọ́ láéláé, á sì gbé ohun tí mo sọ yẹn dé sàréè. Mo wọ bàtà, mo gbé àpótí ìgò náà, mo jáde.

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe ni ilé rẹ̀ wà, yàrá méjì tó dojú kọ àgbàlá tí àwọn ayálégbé jọ ń lò. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà kó lè rí ìmọ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tújú ká. Mo ní ọkọ rẹ̀ ńkọ́.

Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wò ó. Láti ọjọ́ tó ti tọ̀dọ̀ yín dé, kò bẹ ẹnì kankan. Àná, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kàn kọjá lọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó wà lẹ́yìn ilé. Mo kọ́kọ́ rí àga náà kí n tó rí òun. Àga wa ni. Ó ti lọ gbé e níbi pàǹtí lọ́jọ́ tí ọmọ mi jù ú nù. Ó ti ha ọ̀dà ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ abọ́ bọ́tà tí omi wà nínú rẹ̀, ó sì fi àfọ́kù sìmẹ́ńtì funfun sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀, ó dijú mọ́ àwọn abọ́ náà bó ṣe máa ń dijú mọ́ ìgò.

Mo ní kí ló ń ṣe.

Ó dìde. "Mò ń wò ó bóyá ó máa ràn, Mà. Tó bá ràn níbí, mo lè gbé e padà sínú púùlù kí àwọn ọmọ tó dé. Ó ń lọ́ra ni. Mo ti fi iyọ̀ sí ti ọ̀tún lẹ́yìn, kí ìyẹn lè tóbi."

Mo wá ibi jókòó sí. Mo rò pé èmi nìkan ló mọ̀ pé ti ọ̀tún lẹ́yìn ló tóbi.

Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún mi. Ó ní nígbà tí òun ń yọ Bàbá lẹ́nu lórí ìpẹtà yẹn, wọ́n ní kí òun jẹ́ kí àwọn lo àga àwọn tán. Ọjọ́ tí àwọn ò bá wọ omi mọ́, kí òun wá fọ̀ ọ́ dáadáa, kí Ìyá má lọ máa wo ìdọ̀tí tí àwọn fi sílẹ̀. Òun sì ṣèlérí. Òun kò rí i ṣe torí mo ní kí òun má wọ inú omi. "Nígbà tí ẹ wá ní kí n fọ gbogbo rẹ̀, tí ẹ tún gbé oògùn fún mi, mo rò pé Bàbá ti sọ fún yín."

"Oyin yẹn wá ńkọ́?"

"Mo rò pé kí n máa lá a ni, tí òtútù omi bá mú mi."

Ẹ̀rín gbé mi, ẹkún sì wà nídìí ẹ̀rín náà. Mo ní, "Dókítà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ, kì í ṣe òótọ́. O ò pa ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ní kó o fọ̀ ọ́, èmi náà ni mo pa ẹnu mọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Bóyá ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ rí, torí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ní, "Ìwọ ni wọ́n ń bẹ̀, dá wọn lóhùn."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà."

Aránṣọ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó ti dé."

Ó gbé àga náà wá sílé wa. Ó ti ṣetán láti gbé irin lásán sínú omi nítorí mi, ohun tó tì í lójú jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e dání létí omi, kò sì fẹ́ kí n rí ojú òun. Mo ní kó dúró. Mo wọlé, mo gbé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin Bàbá jáde, mo yọ rọ́bà ìdí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kó o fún un. Ó ní, àmì yín ńkọ́, Mà? Mo ní kó kùn ún lọ́dà ná. Rọ́bà náà fún díẹ̀. Ó fi ọṣẹ pa irin náà lára, ó bẹ̀ ẹ́, rọ́bà náà wọlé.

Ìgbà tí ọ̀dà gbẹ, a kò mọ ibi tí a máa gbé e sí. Ó ní ibí ni. Mo ní rárá, ọ̀hún ni. A jọ wo ilẹ̀ funfun náà títí, kò sí ohun tó lè là wá níjà. Ibi tó sọ la gbé e sí.

Mo ró ìró, mo wọ omi. Dókítà di ọwọ́ mi mú títí mo fi jókòó, ó gun òkè padà, ó bu omi sínú ìgò, ó mì ín, ó gbé e síbi tí oòrùn wà.

Mo ní, "Dókítà, ṣé omi mi máa yè é?"

Ó dijú mọ́ ìgò náà. "Ó máa yè é, Mà, àmọ́ ẹ jẹ́ kó sinmi."

Àwọn ọmọ ti wá, wọ́n ti lọ. Dókítà ń wá déédéé, ó ti ń bẹ ewé, ó ti ń bẹ òjò. Àmọ́ ẹ̀rín tó ń rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò tíì rí i mọ́. Tí mo bá jí báyìí, kí n tó fọ ẹnu, mà á dúró de Dókítà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ojú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo omi.